'Èsì' Kò Tó: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Òfin Kẹta Newton nínú Ẹ̀kọ́ Òòfà àti Iná Mànàmáná

Láti ìgbà tí Isaac Newton ti tẹ òfin kẹta rẹ̀ jáde ní 1687, kò sí èdè tí ó fẹ́ fi òfin náà kọ́ ọmọ tí kò ní láti wá orúkọ fún ipá méjì inú rẹ̀. Ní èdè Yorùbá, 'ìṣe àti èsì' ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí olùtumọ̀ lẹ́nu. Gbólóhùn náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù: ẹni tí a kò bi ní nǹkan kì í fèsì. Ìbéèrè ni ó ń ṣáájú. Nínú òfin Newton, kò sí aṣáájú, kò sí akẹ́yìn. Bí ọkọ̀ ojú omi méjì bá ń ti ara wọn, ìgbà kan náà ni ipá méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ pè wọ́n ní 'ipá ìbejì' kò tíì bọ́, nítorí Táyéwò ń ṣáájú Kẹ́hìndé. 'Ipá àjọwà' sàn ju méjèèjì lọ.

Síbẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an ni ẹ̀kọ́ òòfà àti iná mànàmáná. Ní 1820, Ampère fi hàn pé wáyà méjì tí iná ń gbà kọjá lè fa ara wọn tàbí kí wọ́n ti ara wọn. Bí iná bá ń yípo nínú wáyà kọ̀ọ̀kan láìyí padà, ipá àjọwà dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí a wá mú wáyà kúrò, kí ó ku ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì péré. Èkíní ń sáré tààrà lọ sí ibi tí èkejì wà. Èkejì ń sáré gba ọ̀nà tí ó dábùú ti èkíní. Ìrìn èkejì ń dá òòfà sí ibi tí èkíní wà, òòfà náà sì ń ti èkíní sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìrìn èkíní kò dá òòfà kankan sí ọ̀gangan iwájú rẹ̀ níbi tí èkejì wà. Ipá òòfà kan wà, ẹnìkejì rẹ̀ kò sí.

Níbo ni ó wọlé sí? Inú pápá ni. Ọ̀rọ̀ yìí, tí a yá láti ara ilẹ̀ gbalasa, lè mú akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ibi òfìfo ni. Pápá òòfà àti iná kì í ṣe òfìfo, nítorí òun ni ó gba ohun tí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjèèjì kò fi fún ara wọn. Bí a bá ka ti pápá mọ́ tiwọn, àròpọ̀ kò dín, kò sì lé.

Kí ni orúkọ ohun tí a ń kà náà? Bí a bá pè é ní 'ìwọ̀n èròjà lọ́nà eré', a ti ti pápá mọ́ òde, nítorí pápá kò ní èròjà tí a lè gbé sórí òṣùwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀, tí òun náà jẹ́ ìgbì inú pápá, ń ti nǹkan. Maxwell sọ ọ́ ní 1873. Lebedev ní Rọ́ṣíà, àti Nichols pẹ̀lú Hull ní Amẹ́ríkà, wọ̀n ọ́n ní 1901. Ní 2010, àwọn ará Japan ta ìgbòkun IKAROS sí òfuurufú, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì tì í. Ipá náà kò tó ìwúwo ẹyọ ẹ̀wà kan, àmọ́ ó yí eré ọkọ̀ náà padà.

'Ìrọ́lọ' ni ó yẹ ohun náà, láti ara 'rọ́ lọ', nítorí omi ń rọ́ lọ, èrò ń rọ́ lọ, ìmọ́lẹ̀ náà sì lè rọ́ lọ. Oríkì rẹ̀ kò gbọdọ̀ dárúkọ èròjà: ìwọ̀n ìrìn tí ohun kan gbé dání, tí ó lè tipa ipá fi fún òmíràn. 'Ìwọ̀n èròjà lọ́nà eré' lè wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìṣirò fún bọ́ọ̀lù, òkúta àti mọ́tò, tí eré wọn kò súnmọ́ ti ìmọ́lẹ̀.