Iṣẹ́ Wà Lójú Ọ̀nà, Àdírẹ́sì Ló Ṣòro

Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń parí lọ, àwọn ọkọ̀ tó ní ibùsùn àti ilé ìdáná nínú á bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ àfonífojì Odò Red, ní ààlà North Dakota àti Minnesota lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìkórè bíìtì ni wọ́n bá lọ, gbòǹgbò ńlá kan tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà. Tọ̀sán-tòru ni iṣẹ́ náà, wákàtí 12 lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á máa júwe ibi tí awakọ̀ akẹ́rù máa da ẹrù sí, wọ́n á bu díẹ̀ sínú àpò kí ilé iṣẹ́ lè yẹ bí ṣúgà inú rẹ̀ ti pọ̀ tó wò. Tí òjò bá pọ̀ tàbí tí oòrùn bá mú jù, iṣẹ́ dúró, nítorí bíìtì tó bá gbóná nínú òkìtì á jẹrà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo rẹ̀ ti parí, oníkálùkù á sì tún ṣíná ọkọ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ wọ̀nyí jẹ́ àgbàlagbà tí owó ìfẹ̀yìntì wọn kò ká owó ilé mọ́, pàápàá lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 2008. Akọ̀ròyìn Jessica Bruder bá irú wọn rìn, ó sì kọ ìwé Nomadland jáde ní 2017. Fíìmù tí wọ́n fi ṣe ló gba Oscar fíìmù tó dára jù lọ ní 2021. Amazon pàápàá ní ètò CamperForce fún wọn tẹ́lẹ̀, láti ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kí Kérésìmesì tó dé, ṣùgbọ́n wọ́n ti fòpin sí i.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iṣẹ́ alábòójútó ibùdó ìgbafẹ́ inú igbó ló wọ́pọ̀: kí wọ́n gba àlejò, kí wọ́n fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn kan ń sanwó. Àwọn mìíràn kò ju pé wọ́n fún ọ ní ààyè, iná àti omi lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹni tó ń wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ béèrè iye wákàtí tó máa ṣe lọ́sẹ̀ kó tó gbà, torí iṣẹ́ tí kò lówó lè gba gbogbo ọjọ́ ẹni.

Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n máa fi lẹ́tà ẹni tó ń gbé inú ọkọ̀ ránṣẹ́ sí? Láìsí àdírẹ́sì, kò sí láísẹ́nsì, kò sí ìnṣọ́ránsì, báńkì náà kò ní dá ẹni lóhùn.

Fún ìgbà díẹ̀, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní General Delivery: kí ẹni tó ń kọ̀wé sí ọ kọ ọ́ sára lẹ́tà pẹ̀lú orúkọ rẹ, orúkọ ìlú àti nọ́ńbà agbègbè, wọ́n á fi lẹ́tà náà pamọ́ títí di 30 ọjọ́, wàá sì fi ìwé ìdánimọ̀ gbà á. Èyí tó máa wà pẹ́ ni ti àwọn tó ń gba lẹ́tà fúnni, bíi ẹgbẹ́ Escapees ní Livingston, Texas, tí Joe àti Kay Peterson dá sílẹ̀ ní 1978. Ọmọ ẹgbẹ́ á sọ ibi tó wà, wọ́n á sì di lẹ́tà rẹ̀ pọ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀.

Texas, Florida àti South Dakota ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣe ìpínlẹ̀ wọn, torí wọn kì í gba owó orí lórí owó iṣẹ́. Ní South Dakota, rìsíìtì alẹ́ kan ṣoṣo tí o sùn níbẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń gba láísẹ́nsì. Ti ìbò yàtọ̀: òfin 2023 ní kí ẹni tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ ti gbé níbẹ̀ fún 30 ọjọ́. Èyí kò dára tó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tó ń sanwó orí fún ìjọba àpapọ̀, ó yẹ kó lè dìbò níbì kan.

Ọ̀rọ̀ kan rèé fún ẹni tó ní èèyàn tó fẹ́ gba ọ̀nà yìí. Kí ilé iṣẹ́ tó gba lẹ́tà fúnni, wọ́n á ní kí ó kọ fọ́ọ̀mù 1583 ti ilé ìfìwéránṣẹ́, pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀ méjì, ọ̀kan tó ní fọ́tò, èkejì tó fi àdírẹ́sì ilé hàn. Nítorí náà, kó parí fọ́ọ̀mù náà kó tó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé.