Ọmọ Tó Fẹ́ Kúrò ní Ilé Agbani-nímọ̀ràn Lọ sí Ọsibítù

Ìyá kan nínú wa tó ń ta aṣọ tọ̀ wá wá lẹ́yìn ìpàdé. "Ọmọ mi fẹ́ fi iṣẹ́ gidi sílẹ̀ o," ló wí. Ọmọ náà wà ní ilé iṣẹ́ kan tó ń gba àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn nímọ̀ràn lórí ètò owó. Ní báyìí ó fẹ́ lọ ṣe irú iṣẹ́ kan náà nínú ọsibítù aládàáni ńlá kan, gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ wọn. Owó oṣù ibẹ̀ sì kéré sí ti àtẹ̀yìnwá. Ìyá ní kí a bá òun wò ó bóyá orí ọmọ náà pé.

Orí rẹ̀ pé. Ẹni tó wà ní ilé agbani-nímọ̀ràn dà bí alájàpá: oṣù yìí báńkì, oṣù tó ń bọ̀ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, lẹ́yìn náà ọsibítù. Ó kọ àbá, wọ́n sanwó, ó di ẹrù rẹ̀. Ẹni tó wọ inú ọsibítù ti gba ìsọ̀. Bí ọjà tó tà kò bá dára, láàárọ̀ ọ̀la ni wọ́n á gbé e padà wá bá a.

Ẹ jẹ́ ká fi ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005. Lábẹ́ ètò yìí, iye kan wà tí wọ́n ń san fún ọsibítù lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ì báà wá gba ìtọ́jú, ì báà má wá. (Kì í ṣe owó orí tí àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà tìtorí rẹ̀ jà ní 1968 o!) Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá le tó di ti dókítà àgbà, iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe ni ọsibítù máa kọ sílẹ̀ kí ó tó lọ béèrè owó. Agbani-nímọ̀ràn láti ìta lè ṣírò gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó kọ ọ́ pé owó ń jò. Ẹni tó wà nínú ilé ló máa lọ jókòó ti nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé kó lè mọ ibi tó ti ń jò: ṣé fọ́ọ̀mù ni kò pé ni, àbí wọn kò gba ìyọ̀ǹda kí wọ́n tó tọ́jú aláìsàn? Kò sì lè pàṣẹ fún dókítà kankan. Sùúrù àti ẹnu dídùn ni irinṣẹ́ rẹ̀, nítorí lọ́dún tó ń bọ̀ ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti bi í pé, "Àbá rẹ ọjọ́sí dà?"

Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ará Nàìjíríà. Kò tíì dé ìsọ̀ gbogbo wa, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń tàn kálẹ̀ ni ọsibítù yóò máa wá ẹni tó mọ ìṣirò yìí.

A kò ní purọ́ fún yín: ìgbéga lè falẹ̀ níbẹ̀, bí àgbà kan bá ti jókòó sórí ipò tí ọmọ ń wò. Àmọ́ yóò máa sùn sílé rẹ̀.

Kí ó tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kí ó tún ìwé tó fi gba iṣẹ́ àtijọ́ kà. Ilé iṣẹ́ mìíràn a máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ lọ bá oníbàárà àwọn ṣiṣẹ́ títí oṣù mélòó kan. Ti owó ìfẹ̀yìntì kò le: nọ́ńbà kan náà ni yóò máa lò, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ òṣìṣẹ́, 10 láti ọwọ́ ọ̀gá, ó kéré tán, lábẹ́ òfin 2014.

Ẹni tí wọ́n bá ń yọ owó àyálò ẹgbẹ́ lára owó oṣù rẹ̀, kí ó sọ fún akápò ṣáájú. A ti rí onídùúró méjì níbí tí wọ́n ń san gbèsè ẹni tó gba iṣẹ́ tuntun. Kò sá o, ó gbàgbé ni.

Ìyá aláṣọ, ọmọ yín kò jẹ ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé iṣẹ́ àtijọ́ yẹn nìkan ni kí ẹ bi í.