Kútẹ́ẹ̀sì ti ní orogún o! Sítíkà làwọn obìnrin kan ń lẹ̀ mọ́ èékánná báyìí, àmọ́ ẹ̀bà gbígbóná ò gbà fún un

Obìnrin lè wọ léèsì olówó ńlá, kó wé gèlè rèǹtèrente, bó bá ti nawọ́ gba àwo ìrẹsì lóde àríyá, tí kútẹ́ẹ̀sì ọwọ́ ẹ̀ bó lápá kan, tó kù lápá kan, àwọn ẹlẹ́nu ti rí ohun tí wọ́n máa rojọ́ lé lórí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ onítọ̀hún kì í ṣe ọ̀bùn o. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Furaidé, ló kùn ún nítorí òde ọjọ́ Sátidé, kò tíì gbẹ dénú tí oorun fi gbé e lọ, nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, aṣọ ìbora ti ya ilà sí i lára. Wàhálà yìí ló jẹ́ kí orogún rọ́nà wọlé tọ kútẹ́ẹ̀sì. Sítíkà èékánná lorúkọ orogún náà.

Kéèyàn tó dórí ìyàwó tuntun, ó yẹ kó mọ ìtàn ìyáálé. Ọ̀pọ̀ ni ò mọ̀ pé orúkọ ọjà ni kútẹ́ẹ̀sì. Cutex ni iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan pe ọjà tó fi ń tún ìdí èékánná ṣe lọ́dún 1911, nígbà tó sì di ọdún 1917, wọ́n gbé èyí tí wọ́n ń kùn jáde. Ọdún 1932 ni Revlon náà wọ ọjà pẹ̀lú àwọ̀ tó ki dáadáa. Ṣùgbọ́n orúkọ ti àkọ́kọ́ ló mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu nílẹ̀ yìí, débi pé ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é, kútẹ́ẹ̀sì náà ni, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun ní Omo. Ti sítíkà ò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 2010 ni iléeṣẹ́ Jamberry bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Utah, l'Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin ló sì ń gbé e tọ ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ wọn lọ. Lọ́dún 2011, Sally Hansen náà gbé tiẹ̀ jáde.

Kí ni sítíkà yìí gan-an? Nǹkan pẹlẹbẹ tó tín-ín-rín ni, wọ́n á ti ya òdòdó, ilà tàbí àwọ̀ góòlù sí i lára, gọ́ọ̀mù á sì ti wà lẹ́yìn ẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ onírọ́bà, wọ́n máa ń fi ooru díẹ̀ ràn án lọ́wọ́ kó lè mú. Ìkejì lèyí tí wọ́n fi ojúlówó kútẹ́ẹ̀sì ṣe, ìyẹn ò nílò iná rárá, àmọ́ bí wọ́n bá ti já ọ̀rá ẹ̀, kéèyàn tètè lò ó ni, nítorí atẹ́gùn á mú kó gan. Ìkẹta ni ti jẹ́ẹ̀lì, abẹ́ lámpù ni wọ́n ti máa ń ki ọwọ́ bọ̀ kó tó le.

Lílẹ̀ ẹ̀ ò le, sùúrù ló gbà. Onítọ̀hún á fọwọ́ ẹ̀ mọ́, á jẹ́ kó gbẹ, á wá fi sípírítì nu èékánná, torí ọ̀rá àti gọ́ọ̀mù kì í jọ gbé. Àwọn àgbà ní ìka ò dọ́gba, àwọn tó ń ṣe sítíkà náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí èyí tó wà nínú páálí kan fi tóbi jura wọn lọ. Èyí tó kéré díẹ̀ sàn ju èyí tó fẹ̀ lọ, nítorí bó bá ti gun orí awọ, kò ní pẹ́ ṣí. Láti ìdí ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ sókè, kí atẹ́gùn má baà há sábẹ́ ẹ̀, wọ́n á wá fi fáìlì rẹ́ èyí tó bá kù létí. Ó parí, kò sí pé wọ́n ń fẹnu fẹ́ ẹ kó tó gbẹ. Bó bá mú dáadáa, ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí sítíkà ti gba ìyìn ni pé kò ní òórùn tó ń ta séèyàn nímú, wọn kì í sì í fi gílúù lẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi ẹ̀rọ ha ojú èékánná kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́. Ti èékánná àtọwọ́dá ò rí bẹ́ẹ̀. Kẹ́míkà tó wà nínú ẹ̀ máa ń bá awọ ara àwọn kan jà, ọwọ́ á máa yún wọn, á máa wú. Lọ́dún 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pariwo síta lórí ẹ̀. Nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fòfin de TPO, ọ̀kan lára àwọn kẹ́míkà tó ń mú jẹ́ẹ̀lì gan lábẹ́ lámpù. Nítorí náà, kí ẹni tó bá ra sítíkà oníjẹ́ẹ̀lì má rò pé òun ti bọ́ o, ẹbí kan náà ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ àti òróró ni wọ́n fi ń ṣí sítíkà onírọ́bà. Ẹ wá wo obìnrin tó ń fọwọ́ jẹ ẹ̀bà gbígbóná pẹ̀lú ọbẹ̀ elépo, tó tún ń fọwọ́ fọ aṣọ ọmọ: ohun tí wọ́n fi ń ṣí i náà ló ń ki ọwọ́ bọ̀ láàárọ̀ lálẹ́! Bí etí ẹ̀ bá ti ṣí, tómi sì ń wọlé síbẹ̀ tí kò ráyè gbẹ, kòkòrò lè ríbi gbà wọlé, èékánná á wá dúdú bí ewé. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní sùúrù, wọ́n á kàn fà á tu fàà, ojú èékánná á bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ mìlímítà mẹ́ta péré ni èékánná ọwọ́ ń hù lóṣù, ẹni tó bá bà á jẹ́ látìdí máa dúró tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà kó tó rí òmíì. Òróró ni kéèyàn fi rin ín, kó rọra máa ká a. Ti oníkútẹ́ẹ̀sì ló ń gba àsítóònù, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ iná.

Ọ̀rọ̀ tún wà fáwọn ìyá ẹlẹ́hàá àti gbogbo obìnrin tó ń kírun. Ohun tó mú káwọn àáfà máa kọ kútẹ́ẹ̀sì náà ló wà lára sítíkà: kì í jẹ́ kí omi àlùwàlá dé èékánná. Làálì ò ní wàhálà yìí, torí ó kàn ń pa èékánná láró ni. Ọgbọ́n táwọn kan ń dá ni pé àsìkò tí wọn kì í kírun lóṣù ni wọ́n ń lo ẹ̀ṣọ́ èékánná, wọ́n á sì ṣí i kí wọ́n tó wẹ ìwẹ̀ ìmọ́ra. Sítíkà tó ń lo ọ̀sẹ̀ kan bá ìṣirò yìí mu wẹ́kú.

Àwọn nọ́ọ̀sì náà ní láti ṣọ́ra. Láti ọdún 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí àwọn tó ń fọwọ́ kan aláìsàn má lo èékánná àtọwọ́dá. Aláìsàn gan-an tí wọ́n fẹ́ ki ìka ẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ tó ń wo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀, ó dáa kó ṣí tiẹ̀ kúrò, torí àwọ̀ tó ki lè mú kí ẹ̀rọ náà purọ́.

Ta wá ni sítíkà yẹ? Ó yẹ ẹni tó ń lọ sóde lọ́la tí kò ráyè jókòó kó gbẹ, ó yẹ ẹni tí òórùn kútẹ́ẹ̀sì ń dà láàmú, ó sì yẹ ẹni tó lè fi ṣíbí jẹun fọ́jọ́ mélòó kan. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó kọ́kọ́ lẹ ìka kan, kó wò ó fọ́jọ́ méjì bóyá awọ ẹ̀ gbà á. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ìyáálé ò sì tíì kó ẹrù jáde nílé. Èyí tó bá wu kálukú ni kó mú, kó ṣáà má jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ ọjọ́ kan sọ èékánná òun di ẹlẹ́gẹ́ fún oṣù mẹ́fà.