Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta fún Ẹni tó Sígbọnlẹ̀: Ohun tó Yẹ Kí Ẹ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, láti Òkehò dé Kíṣí, tí ẹ fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ óò máa fẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ wà fúnra yín, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Màrúwà la ń sọ o. Màrúwà ní ẹ́ńjìnnì, ẹni tó ń wà á kì í làágùn. Èyí tí a ní lọ́kàn kì í mu epo. Agbára ẹni tó jókòó lé e ló ń gbé e lọ. Ó wúlò fún àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, fún ẹni tí àrùn ẹ̀gbà ti kọ lù rí tí kò lè dúró gbọnyin lórí ẹlẹ́sẹ̀ méjì mọ́, fún ẹni tí kò fẹsẹ̀ rìn láti kékeré, àti fún ẹni tó kàn fẹ́ gbé ẹrù rẹ̀ lọ sọ́jà láìsanwó ọ̀kadà.

Nínú gbogbo wọn, ẹni tó tóbi la dìídì ń bá sọ̀rọ̀. Nílẹ̀ yìí, bí èèyàn bá sanra, wọ́n á ní ayé ń yẹ ẹ́. Irin kò mọ ìyẹn. Bí kẹ̀kẹ́ bá kán sójú títì, ẹni tó gùn ún ni gbogbo ojú máa ń wò, kò sẹ́ni tó ń wo ọ̀pá tó kán. Lójú tiwa, ọ̀pá yẹn ló jẹ̀bi, àti ẹni tó ta á láìbéèrè ìwọ̀n oníbàárà.

Ẹ wọn ara yín kí ẹ tó wọn kẹ̀kẹ́

Ọ̀pọ̀ síkéèlì pẹlẹbẹ tí a ń gùn ní ilé ìwòsàn kì í kọjá 120 tàbí 150 kílò. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá ti kan òpin, irọ́ ló ń pa. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra káṣú tàbí àgbàdo lápòlápò. Síkéèlì tiwọn lè gba àpò méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ìtìjú nínú kéèyàn gun orí rẹ̀. Àpò tó gorí rẹ̀ ṣáájú yín kò tijú.

Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ 50 kílò. Nítorí náà, bí ẹni tó wọn 125 kílò bá jókòó sórí kẹ̀kẹ́, àpò méjì ààbọ̀ ló wà lórí rẹ̀, tó sì ń mì lọ́tùn-ún lósì ní gbogbo kòtò. Ẹ wá fi ẹrù kún un. Kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 20 jẹ́ 20 kílò, a ò tíì ka kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀. Ká sọ pé ìyá kan ní Òkehò wọn 120 kílò, ó sì ń gbé ẹrù 15 kílò lọ sọ́jà: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 135. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kọ 136 sí lára kò tó o. Títì ọ̀dà ni àwọn tó kọ nọ́ńbà yẹn ń rò, kì í ṣe ọ̀nà oko lẹ́yìn òjò. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún lé àpapọ̀ náà, kí ìyá wá èyí tó lè gbé nǹkan bí 160 kílò.

Lára kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀, lb lẹ ó rí dípò kg. Ẹ fi 2.2 pín in: 250 lb jẹ́ 113 kílò, 300 jẹ́ 136, 350 jẹ́ nǹkan bí 159. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí owó wọn kò pọ̀, 250 yẹn ni wọ́n kọ sí wọn lára. Ẹ bi olùtajà bóyá ẹrù inú apẹ̀rẹ̀ wà nínú iye náà. Bí kò bá mọ̀, ẹ gbà pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹ̀yìn

Olùtajà á fi ìjókòó hàn yín, á fi ọ̀dà tó ń dán hàn yín, á tẹ aago rẹ̀ kí ẹ gbọ́. Ẹ jẹ́ kó ṣe tirẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ láti ìsàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti ń kú.

Ìdí rẹ̀ rèé. Bí ẹlẹ́sẹ̀ méjì bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, òun àti ẹni tó gùn ún á jọ tẹ̀ sọ́tùn-ún, ẹrù á sì máa bọ́ lé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tààrà láti òkè. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í tẹ̀. Bó ti ń yà, ara ẹni tó wà lórí rẹ̀ á ṣì fẹ́ máa bá ọ̀nà tó ń tọ̀ lọ, gbogbo ìwúwo yẹn á wá máa ti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Sípóòkì, ìyẹn àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó di rímù mú, mọ bí a ṣe ń gba ẹrù láti òkè. Ìtì ẹ̀gbẹ́ ni kò mọ̀ ọ́n gbà. Bí ìwúwo bá pọ̀ jù, rímù á ká kò bí awọ tí a sá sóòrùn.

Sípóòkì tó wọ́pọ̀ nípọn tó mílímítà 2. Fún ẹni tó bá ju 110 kílò lọ, ẹ wá èyí tó tó 2.6 tàbí 3, kó sì pé 36 nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ Worksman ní Amẹ́ríkà, tó ti wà láti 1898, mọ èyí tipẹ́: ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kó irinṣẹ́ káàkiri ilé iṣẹ́ ńláńlá, sípóòkì rẹ̀ nípọn ju ti kẹ̀kẹ́ lásán lọ dáadáa. A kò ní kí ẹ lọ ra tiwọn. Owó ọkọ̀ òkun nìkan lè ra ewúrẹ́ mélòó kan. Àpẹẹrẹ ohun tí ẹ ń wá ni.

Ẹsẹ̀ kékeré máa ń le ju ẹsẹ̀ ńlá lọ, ìyẹn ni pé íǹṣì 20 yóò fara da ìtì ẹ̀gbẹ́ ju 26 lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù máa ń rì sínú kòtò. Íǹṣì 24 ló bá ọ̀nà wa mu jù lójú tiwa. Kí táyà náà fẹ̀, ó kéré tán íǹṣì 2.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọ̀pá irin tó gba àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì kọjá. Nínú kẹ̀kẹ́ tí kò lágbára, ọ̀pá yìí kì í ju mílímítà 15 tàbí 16 lọ. Ẹni tó wúwo, ẹ jẹ́ kí tirẹ̀ tó 20. Ẹ tún wo ibi tí bẹ́rìn ti gbá ọ̀pá náà mú: bó bá ṣe súnmọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ni ọ̀pá á ṣe pẹ́ kó tó tẹ̀. Bí àyè tó wà láàárín wọn bá tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Èyí tó dára jù ni bẹ́rìn tó ní ilé irin tirẹ̀, tí wọ́n fi bóòtù méjì dè mọ́lẹ̀. Irú rẹ̀ ló wà lára ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ àti èyí tí a fi ń lọ àgbàdo, nítorí náà bó bá bàjẹ́, ẹ kò ní lọ sí Ìbàdàn kẹ́ ẹ tó rí òmíràn.

Irin ló yẹ wá

Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Ibi tó bá lẹ̀ mọ́, irin ni. Ibi tó bá ń jábọ́, alumíníọ̀mù ni. Alumíníọ̀mù fúyẹ́, ó sì dára nílùú tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń jó o. Wẹ́dà tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò yín ní Ṣakí tàbí Tedé, irin ló mọ̀ ọ́n jó, irin ni ọ̀pá ìjóná rẹ̀ wà fún. Kẹ̀kẹ́ tí a kò lè tún ṣe nílé kì í ṣe ti wa. Ohun kan ni wẹ́dà kò gbọdọ̀ jó láé: ọ̀pá ẹ̀yìn tó ti kán. Iná ń sọ irin rẹ̀ di aláìlágbára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n jó, ọjọ́ tó bá sì tún kán, lórí ìsọ̀kalẹ̀ ni. Ẹ ra tuntun.

Kẹ̀kẹ́ tó ń ká sí méjì kò dára fún ẹni tó wúwo. Ibi tó ti ń ká yẹn ló kọ́kọ́ ń tú. Bó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ tó gba Kùtọnu wọlé lẹ fẹ́ rà, ẹ fi àkísà nu gbogbo oríkèé irin rẹ̀, kí ẹ wo bóyá ìlà ìpẹta tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Ìlà yẹn ni ibi tó ti fẹ́ kán. Ọ̀dà tuntun lórí kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ní láti mú ìfura wá.

Òkè, ìsọ̀kalẹ̀ àti iyanrìn

Àpáta ló yí wa ká. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí òkè Asabárí ní Ṣakí kò gbọdọ̀ ra kẹ̀kẹ́ tí kò ní jíà. Ẹ wá èyí tó ní tó mẹ́ta, ó kéré tán, kí èyí tó rọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ kí ẹ lè máa gun òkè láì dìde lórí ìjókòó.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló tún léwu ju ìgòkè lọ. Bí 130 kílò bá ti gbéra, bíréèkì kan kò ní dá a dúró. Kí kẹ̀kẹ́ náà ní méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí ọ̀kan nínú wọn sì ṣe é tì pa bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ tàbí gun orí rẹ̀. Àìsí ìtìpa yìí ti mú kí kẹ̀kẹ́ yọ lọ lábẹ́ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nígbà tí wọ́n ń jókòó.

Iyanrìn ọyẹ́ ní ọ̀ràn tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni ṣéènì ń yí. Èkejì kàn ń tẹ̀ lé e ni. Bí èyí tó ń ṣiṣẹ́ bá bọ́ sínú iyanrìn, á máa yí lójú kan, ẹ kò ní kúrò níbẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè nílé ìtajà, kí ẹnì kan fọwọ́ yí pẹ́dà, kí ẹ wo ẹsẹ̀ tó ń yí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun: ní Coventry, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, James Starley ti ṣe ohun tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì sára ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní 1877, irú ọgbọ́n kan náà tó wà lẹ́yìn mọ́tò títí dòní. Bí ẹ bá rí kẹ̀kẹ́ tó ní i, tí owó yín sì ká a, ẹ má jẹ́ kó bọ́.

Ẹ yà jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá gùn ún bí ọ̀kadà ni yóò ṣubú, torí kẹ̀kẹ́ yìí kì í tẹ̀, yíyí ló ń yí dànù. Bó bá ní ẹsẹ̀ méjì níwájú àti ọ̀kan lẹ́yìn, tí ìjókòó rẹ̀ sì súnmọ́ ilẹ̀, kò rọrùn kó yí. Àmọ́ àtijókòó àti àtidìde nínú rẹ̀ nira fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìjókòó tó ga dé ibi orúnkún sàn jù, kó máa rọra wà á.

Ìjókòó

Ẹ jókòó sórí àga pákó, kí ẹnì kan fi téèpù télọ̀ wọn ìbàdí yín láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, kì í ṣe yíká. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ kéré sí ìyẹn bó bá ní ẹ̀yìn tí a ń fara tì. Bó bá jẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ lásán, ẹ wo ọ̀pá tó gbé e ró: èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹni tó wúwo, ẹ̀yìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín kí ẹ tó mọ ohun tó fà á. Wẹ́dà lè fi ọ̀pá kejì tì í. Ẹ tún wo ibi tí ẹ óò gbé ẹsẹ̀ kọjá kẹ́ ẹ tó jókòó; bí ẹ bá ní láti fọwọ́ gbé ẹsẹ̀ yín, ó ti ga jù.

Kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́

Àwọn tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú nígbà èwe ṣì wà láàárín wa. Wọ́n kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé irú àrùn náà tó ń jà fúnra rẹ̀ ti kúrò ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n ìkéde kò dá ẹsẹ̀ padà. Ní Jos, Ayuba Gufwan, tí àrùn náà mú òun náà lọ́mọdé, dá ilé iṣẹ́ Beautiful Gate sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń fọwọ́ yí. Nàìjíríà níbí la ti ń ṣe é, pẹ̀lú irin tí wẹ́dà wa mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí alágbẹ̀dẹ tàbí wẹ́dà ní Òkè-Ògùn ṣe irú rẹ̀ fún òun, kó sọ ìwọ̀n ara rẹ̀ fún un kí wọ́n tó ge irin àkọ́kọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá kùn ún lọ́dà tán.

Ẹni tí kì í mọ nǹkan lára láti ìbàdí wálẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tìmùtìmù sórí ìjókòó, kó sì máa fọwọ́ gbé ara sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, egbò á ti jin lábẹ́ rẹ̀ kó tó mọ̀. Kó yẹ ibẹ̀ wò lálaalẹ́ pẹ̀lú dígí tàbí pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ará ilé. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 lòdì sí kí a máa ya àwọn aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀. Bí ilé ìwòsàn tàbí ọ́fíìsì ìjọba bá ní àtẹ̀gùn tí kẹ̀kẹ́ yín kò lè gùn, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wà á

Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn ọkàn, ẹ kọ́kọ́ yọjú sí ilé ìwòsàn. Onítọ̀ ṣúgà, ẹ wọ bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀. Pẹ́dà lè ha yín lára láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa lo ara tó ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì ṣe é rí lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Bí àyà bá ń fún yín, tàbí tí ojú ń yí yín, ẹ dúró, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ má gun kẹ̀kẹ́ tuntun lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ẹ di ẹrù tó wúwo tó yín sórí rẹ̀, kí èèyàn méjì tì í gba orí òkúta kéékèèké kọjá, kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn wo bóyá ẹsẹ̀ kankan ń gbọ̀n tàbí ń ṣẹ́rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, sípóòkì á ti dẹ̀. Ẹ fi ìka ta wọ́n níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta gìtá. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, kí oníkẹ̀kẹ́ fà á le. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa nu eruku kúrò lára ṣéènì àti bẹ́rìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ tó fi gírísì tuntun sí i. Ẹ sì ra sípóòkì mẹ́fà pamọ́ lọ́jọ́ tí ẹ ra kẹ̀kẹ́ náà, nítorí èyí tó nípọn kì í wọ́pọ̀ lọ́jà, kí ẹ fi rọ́bà tíúbù àtijọ́ dì wọ́n mọ́ abẹ́ ìjókòó.