Ohun Tí Yanrìn Lẹ́kì àti Ajah Bò Mọ́lẹ̀

Olúwa wa pa òwe ọkùnrin méjì tí wọ́n kọ́lé: ọ̀kan sórí àpáta, èkejì sórí yanrìn. Láti Lẹ́kì dé Ajah, láàárín òkun àti ọ̀sà, yanrìn ni a ń kọ́lé lé. Ṣùgbọ́n lábẹ́ yanrìn náà, amọ̀ rírọ̀ àti ẹrẹ̀ dúdú tí gbòǹgbò ti jẹrà sínú rẹ̀ lè wà. Bí ilé bá tẹ̀ wọ́n, yóò máa rì díẹ̀díẹ̀, ògiri yóò sì là.

Láti mọ̀ ọ́n, àwọn onímọ̀ a gún ọ̀pá irin mẹ́rin mọ́lẹ̀. Wọn a fi iná mànàmáná gba inú méjì wọlẹ̀, wọn a sì fi méjì yòókù wọn bí ilẹ̀ ti dí i lọ́nà tó. Yanrìn gbígbẹ a máa dí i gidigidi. Amọ̀ a máa jẹ́ kí ó kọjá. Bí ọ̀pá bá ti jìnnà síra tó ni àyẹ̀wò ń jinlẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ inú yanrìn lè jọ amọ̀. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ gbẹ́ ihò díẹ̀ láti fi jẹ́rìí.

Ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, kí a tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ wò.