Ẹ Má Tíì Sọ Pé Tẹlifíṣọ̀n Ti Kú!

Oníṣẹ́ ìtẹ̀wé Kirikiri tàbí Ajégúnlẹ̀ tí owó rẹ̀ kò ká ojú kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀ ni yóò so mọ́ ọn, iṣẹ́ á sì máa lọ ní pẹrẹu. Àfi lọ́jọ́ tí ojú rẹ̀ bá ṣú, tí oníbàárà sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń bèèrè káàdì ìsìnkú bàbá rẹ̀!

Ẹ rọra ná o. Bó bá kọ “No Signal”, kò tíì bàjẹ́. Ẹ tẹ “Source” tàbí “Input” lórí rìmóòtù, kí ẹ mú ihò HDMI tí ẹ ki wáyà bọ̀ gan-an. Ó lè ní méjì tàbí mẹ́ta. Bí kò bá gbọ́, ẹ pààrọ̀ wáyà kí ẹ tó náwó fún atúnṣe.

Bí etí àwòrán bá gé kúrò ńkọ́? Ẹ wá “Screen Fit” tàbí “Just Scan”. Bí lẹ́tà bá ń ṣe bàìbàì, ẹ yí ti kọ̀ǹpútà sí iye tí tẹlifíṣọ̀n gbà. 1920 × 1080 ni ti Full HD.

Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́ tó yọkùn sẹ́yìn, ẹ má tú u o! Iná tó lè gbé èèyàn ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára iná. Ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́. Abèèrè kì í ṣìnà.