Ẹ jẹ́ ká mọ̀: wáyà òkè reluwé máa ń jẹ

Ojú irin àtijọ́ tó gba ìlú Erúnmu kọjá kò ní wáyà iná lókè. Àwọn kan ní ká ta á, bíi ti reluwé TER ní Dakar tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, kí ìnáwó dísù dópin. Àbá gidi ni, àmọ́ wáyà bàbà náà máa ń jẹ: apá tó wà lórí ọkọ̀ ń ha á bó ṣe ń sáré. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi kábọ́ọ̀nù bo orí apá yẹn, kí òun tètè jẹ ju wáyà lọ, torí òun ló rọrùn láti pààrọ̀. Wọ́n tún ń ta wáyà náà ní kọ́lọkọ̀lọ, kó má baà gbẹ́ kábọ́ọ̀nù lójú kan ṣoṣo.

Ẹ lè ní reluwé Blue Line Èkó kò lo wáyà. Bẹ́ẹ̀ ni, irin ẹ̀gbẹ́ ojú irin ló ń fún un níná. Ṣùgbọ́n níbi tí èèyàn àti ewúrẹ́ ti ń sọdá, ikú ni irin yẹn. Wáyà ni mo fara mọ́, bí owó àtiwọn bó ṣe ń tín-ín-rín sí i bá wà nínú ètò.